Kòkòrò Kò Dúró De Kọmíṣánnà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè, kì í sì í ṣe ọ̀gágun, àmọ́ bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ó rò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ ń bọ̀. Adétúnbọ̀ Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ó gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Ṣùgbọ́n oyè tí ó kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ṣàgámù gùn débi pé káfíńtà ní láti kan pákó mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn náà: ALÀGBÀ ADÉTÚNBỌ̀ OLÚSÀNYÀ, Ọ̀GÁ PÁTÁPÁTÁ, ALÁBÒÓJÚTÓ ÀGBÀ, ẸNI TÍ Ó NÍ Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN LÓRÍ KÒKÒRÒ GBOGBO NÍ ILẸ̀ RẸ́MỌ. Mọ́ṣúdù, awakọ̀ rẹ̀, máa ń sọ pé ẹni tí ó bá wá fi ẹjọ́ kòkòrò sùn, kí ó tó ka ilẹ̀kùn yẹn tán, aago mẹ́ta àbọ̀ á ti lù, iṣẹ́ á ti parí.

Ọdún 1981 ni mò ń sọ yìí. Olúsànyà dá ẹ̀wù kóòtù kan, aláwọ̀ ewé, tí ó ní bọ́tìnnì idẹ mẹ́jọ níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Kí ni bọ́tìnnì ń wá lẹ́yìn? Èmi náà béèrè, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Oòrùn ilẹ̀ wa a máa ta gan-an, àmọ́ ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó làágùn dé gìgísẹ̀ ju kí ó tú bọ́tìnnì kan lọ. Kò sì jẹ́ fi bàtà rẹ̀ tẹ erùpẹ̀. Ẹní kan wà nínú búùtù ọkọ̀ tí Mọ́ṣúdù máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá dé oko. Orí ẹní náà ni ọ̀gá yóò dúró sí, yóò wo àgbàdo lókèèrè bí ẹni ń wo àna tí kò fẹ́ràn, yóò ní, “Ó dára,” wọn yóò sì ká ẹní wọn, ó di ilé.

Ní àràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá yóò tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá yóò sọ̀kalẹ̀, yóò na ọrùn, yóò ké:

“Ta ni kòkòrò ń bẹ̀rù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ?”

“Ẹ̀yin ni, sà!”

“Nínú ihò ńkọ́?”

“Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ yọjú, sà!”

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe èyí lọ́wọ́, aáyán ńlá kan gun bàtà ọ̀gá, ó dé orí okùn bàtà, ó dúró, ó ń ju ìwo rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wọn rí i. Wọ́n tún ké, “Ẹ̀yin ni, sà!”

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í sí lórí ìlà òwúrọ̀ yẹn ni Ìdíátù Sàláwù. Ọmọ oníṣòwò obì ni ní Ṣàgámù, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó lọ, òun ni ó sì ń gun alùpùpù kiri abúlé láti kọ́ àwọn àgbẹ̀. “Àgíríìkì wa” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọ̀gá bá ń béèrè ẹni tí kòkòrò ń bẹ̀rù, Ìdíátù á ti wà lóko, á ti máa yẹ abẹ́ ewé wò.

Abẹ́ ewé yẹn ni ó ti rí ọ̀ràn ní oṣù Karùn-ún. Àgbàdo ìlú Irolu ti ga dé orúnkún, ó dúdú mìnìjọ̀, inú àwọn àgbẹ̀ sì ń dùn. Ìdíátù yí ewé kan padà, ó bá àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ, wọ́n tò bí ẹni lọ gbọ́ ìwàásù. Ó yí òmíràn, bákan náà. Ó dé oko Bàbá Fẹ̀hìntọlá, arúgbó tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí oko àgbàdo rẹ̀ tóbi jù ní gbogbo àyíká náà. Bàbá ń roko, ó gbójú sókè.

“Èé ti rí, ọmọ mi? Ojú ẹ ò dùn.”

“Bàbá, kòkòrò ajẹwé ni. Wọ́n ṣì kéré. Àmọ́ bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pòròpórò ni wọn ó ṣẹ́kù fún yín.”

Àánú Ọlọ́run ṣe é, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀mọ̀wé kan láti Ìbàdàn gbé oògùn tuntun dé ọ́fíìsì Ṣàgámù, páálí mẹ́wàá, agolo méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun funfun nínú agolo. Wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ọ̀mọ̀wé náà fara balẹ̀, ó ṣàlàyé:

“Ẹ mọ̀ pé ejò a máa bọ́ awọ. Kòkòrò yìí náà, bí ó bá ti ń dàgbà, awọ rẹ̀ a fún un mọ́ra, á bọ́ ọ sílẹ̀, á wọ òmíràn. Oògùn yìí kì í pa á lójú ẹsẹ̀ bí oògùn tí ẹ fi ń fín kòkó. Kòkòrò á jẹ ewé, á jẹ oògùn mọ́ ọn, kò ní fura. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ awọ ni ọ̀ràn dé. Awọ tuntun kò ní le, yóò máa ya mọ́ ọn lára, kò sì ní lè jáde nínú ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni yóò kú sí. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n bá kéré ni kí ẹ fín in, kí ẹ sì ní sùúrù fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Èyí tí ó bá ti tóbi tán, tí ó fẹ́ wọlẹ̀ lọ di afòpiná, ẹ ti pẹ́ jù fún un. Ẹ má sì da á sódò o, nítorí akàn àti edé náà ń bọ́ èèpo.”

Ọ̀rọ̀ ìyè rèé. Níbo ni Olúsànyà wà? Ó jókòó síwájú pátápátá, ó ń mi orí. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ yé tó o. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń rò lọ́kàn ni bí yóò ṣe dúró nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn bá ń ya fọ́tò, bóyá kí ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tàbí kí ó kàn fi ọwọ́ kan gbé e mú, kí ó fi èkejì nàka sí ọ̀run. Ó ti yan èkejì kí ọ̀mọ̀wé tó dé orí akàn àti edé.

Kí ọ̀mọ̀wé tó padà, ó mú agolo kan, ó fi lé Ìdíátù lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. “Èyí ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò lóko ẹnì kan, kí àwọn àgbẹ̀ lè fojú ara wọn rí i.” Ọ̀gá mi orí sí ìyẹn náà. Páálí yòókù wọ ṣítọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ wọ àpò kóòtù.

Lọ́jọ́ kejì, Ìdíátù dúró níwájú tábìlì rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wọ́n ṣì wẹ́ bí òwú.”

“Ìdíátù, o ti gbọ́ rí pé wọ́n sọ ọmọ lórúkọ kí bàbá ọmọ tó dé?”

“Kòkòrò kì í ṣọmọ, sà.”

“Ìfilọ́lẹ̀ ni mò ń wí! Oògùn tí ó ti òkè òkun wá, ṣé bí ẹni ń da omi ìfọwọ́ nù la ó ṣe máa fín in? Kọmíṣánnà ètò ọ̀gbìn fúnra wọn ń bọ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún sí òní.”

“Ọjọ́ mọ́kànlélógún, sà? Wọn ó ti jẹ oko tán nígbà yẹn!”

“Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù.”

“Àwọn àgbẹ̀ ni, sà, àbí àwọn kòkòrò?”

“Àtàwọn, àtàwọn!” ni ọ̀gá wí, ó sì fa ìwé mìíràn mọ́ra.

Ìwé tí ó fà mọ́ra yìí ni ó fi kọ àṣẹ tí àwọn ará Irolu ò tíì gbàgbé. Wọ́n lu agogo yí ìlú ká, wọ́n ka àṣẹ náà jáde: Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ ṣa kòkòrò kúrò lára àgbàdo, kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ dà á láàmú lọ́nàkọnà, kí kòkòrò tí ó tó iye lè wà nílẹ̀ fún Kọmíṣánnà láti rí. Oko Bàbá Fẹ̀hìntọlá ni a yàn fún ayẹyẹ náà. Wọ́n gbọdọ̀ tọ́jú kòkòrò ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí, kí ó má retí ajílẹ̀ ìjọba lọ́dún tí ń bọ̀.

Bí wọ́n ti kà á tán, obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Bánkẹ́ ni, opó kan tí ó ń dá oko àgbàdo tirẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́.

“Ẹ gbà mí o! Ṣé a ti wá di ẹni tí ń sin kòkòrò báyìí? Ṣé ká máa gbé omi kaná fún wọn láàárọ̀?”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àyàfi Bàbá Fẹ̀hìntọlá. Oko rẹ̀ ni wọ́n yàn. Bí ó bá rú òfin, ajílẹ̀ ọdún tí ń bọ̀ lọ nìyẹn, apá rẹ̀ kò sì ká a láti rà á fúnra rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ti dè é. Lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà, arúgbó yìí ń lọ sóko rẹ̀, ó ń jókòó sórí kùkùté igi, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń jẹ àgbàdo rẹ̀, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù.

Nígbà tí ọ̀gá ń dán ọ̀rọ̀ àsọyé rẹ̀ wò níwájú dígí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò mọ̀ fún yín. Ìdíátù gbé agolo tirẹ̀, èyí tí ọ̀mọ̀wé fi lé e lọ́wọ́, ó gba oko Ìyá Bánkẹ́ lọ. Ó pò ó mọ́ omi, ó fín in, ìlà dé ìlà, lórí ewé àti lábẹ́ ewé. Ní ọjọ́ kejì, kòkòrò ń jẹun. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ń jẹun.

“Àgíríìkì,” ni Ìyá Bánkẹ́ wí, “ṣé oògùn ni àbí ọbẹ̀ lo bù sí i fún wọn? Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń sanra.”

“Ẹ fi sùúrù lé e, Ìyá Bánkẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìpààrọ̀ aṣọ wọn pé.”

Ní ọjọ́ karùn-ún, àfẹ̀mọ́jú, Ìyá Bánkẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó sáré dé ilé tí Ìdíátù wọ̀ sí ní Irolu, ọwọ́ rẹ̀ di ewé àgbàdo mú bí ẹni mú ìwé ìpè. Kòkòrò mẹ́ta rọ̀ dirodiro lára ewé náà, orí wọn dojú kọlẹ̀, wọ́n ti dúdú. Awọ àtijọ́ ti là lẹ́yìn wọn, àmọ́ ìdajì ara ni ó jáde, ìdajì há sínú. Bí Ìdíátù ti fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ya bí ìwé tí omi rin.

“Gbogbo oko mi ló rí báyìí,” ni Ìyá Bánkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. “Gbogbo rẹ̀ pátá.”

Ìdíátù gun alùpùpù lọ sí Ṣàgámù lọ́jọ́ náà láti lọ ròyìn. Ọ̀gá kò lè rí i. Télọ̀ ń wọn ọrùn rẹ̀.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ku ọ̀la. Olúsànyà jókòó ní ọ́fíìsì, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Mọ́ṣúdù létí. Ó dé ibi tí ó ti fẹ́ràn jù: “Ní kété tí mo bá fín oògùn yìí, kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀wá, kòkòrò yóò máa já bọ́ bí ọjọ́ tí odán ń wọ́wé!”

Mọ́ṣúdù họ orí. Ìwé tí ó wà lára agolo ni ó ń kà láti ìjọ́ mẹ́ta nítorí kò rí nǹkan mìíràn kà.

“Ọ̀gá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọjọ́ márùn-ún.”

“Ọjọ́ márùn-ún kí ni?”

“Kó tó kú, sà. Wọ́n sì ní kó kéré.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀gá gba agolo, ó kà á. Ó tún un kà. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn bíi tèmi tìrẹ ni, ì bá ránṣẹ́ sí Kọmíṣánnà pé àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n ó rántí bọ́tìnnì méjìlá, ó rántí àtíbàbà tí wọ́n ti nà, ó rántí àwọn oníwèé ìròyìn. Bí ẹni ń rìn lórí okùn ni ọkàn rẹ̀ rí; iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Ó fa Mọ́ṣúdù mọ́ra.

“Lọ ṣa kòkòrò wá. Apẹ̀rẹ̀ kan. Pa wọ́n, kí ara wọn má bàjẹ́ o. Láàárọ̀ ọ̀la, kó wọn sábẹ́ ìlà keje nínú oko bàbá yẹn, ìlà keje ni mo ti máa fín in.”

“Kí n fi kí ni pa wọ́n, sà?”

“Ṣé èmi ni n ó máa kọ́ ọ ní ohun gbogbo?”

Mọ́ṣúdù jẹ́ ẹni tí ń gbọ́ràn. Ó ṣa kòkòrò, ó gbé omi kaná nílé rẹ̀, ó dà wọ́n sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tí ó ṣí ìkòkò náà, ìtàn yìí kò ní àyè fún un.

Ọjọ́ pé. Òjò ti rọ̀ mọ́júmọ́, ilẹ̀ oko Bàbá Fẹ̀hìntọlá sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn ará Irolu pé, àwọn ará Ìpara pé, àwọn ọmọ ilé ìwé kọrin. Kọmíṣánnà dé, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ó sì wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, èyí tí ó ṣe ọ̀gá ní kàyéfì. Wákàtí kan gbáko ni Olúsànyà fi sọ̀rọ̀. Ó ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ti wà nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ti dé. Ó ní òun kò fẹ́ fi ara òun wé ẹnikẹ́ni tí ó gba ènìyàn là nínú Ìwé Mímọ́ tàbí nínú Àlùkùránì, àmọ́ kí àwọn tí ń gbọ́ òun fi ọgbọ́n ara wọn rò ó. Ó dé orí “ení dé ẹ̀wá”, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìdíátù bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó gbé pọ́ǹpù. Mọ́ṣúdù tẹ́ ẹní. Ibẹ̀ ni wàhálà dé: ẹní kò gùn ju ìlà kejì lọ. Láti ìlà kejì dé ìkeje, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ tí ó lè gbé bàtà mì. Ọ̀gá wo ẹrẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀, tí ó ń dán bí ojú abẹ. Mọ́ṣúdù ń ṣẹ́jú sí i kíkankíkan, ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìlà keje. Ọ̀gá rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún. Bàtà ni ó borí. Ó dúró lórí ẹní rẹ̀ ní ìlà kejì, ó nàka sí ọ̀run, ó fín in.

“Ẹ kà á!” ló pariwo.

Wọ́n kà á. “Ení! Èjì! Ẹ̀ta!” Àwọn kòkòrò ibẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà nípọn, ń jẹun lọ. “Ẹ̀fà! Èje!” Ọ̀kan gbé orí sókè, ó wò yíká, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. “Ẹ̀wá!” Kò sí èyí tí ó jábọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kúrò lórí ewé, apá kóòtù ọ̀gá ni ó sì gbà lọ, ó ń fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́rùn.

“Inú ni wọ́n ti ń kú,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ tún un kà.”

Wọ́n tún un kà, dé ogún. Dé ọgbọ̀n. Àwọn ọmọ ilé ìwé, tí inú wọn dùn pé ó ti di iṣẹ́ ìṣirò, kà á dé àádọ́ta. Ibi tí wọ́n dé yìí ni adìyẹ àkọ́kọ́ ti gba ẹsẹ̀ Kọmíṣánnà kọjá.

Adìyẹ Bàbá Fẹ̀hìntọlá ni. Ó sáré wọ inú oko, òmíràn tẹ̀ lé e, àkùkọ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni gbogbo adìyẹ Irolu, bí ẹni pé wọ́n fìwé pè wọ́n, rọ́ lọ sábẹ́ ìlà keje, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá nǹkan jẹ pẹ̀lú ìjà. Ìyá Bánkẹ́ wọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó tọ ẹrẹ̀ lọ, ó lé wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń jà sí. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e símú.

“Ọ̀gá!” ló kígbe, ohùn rẹ̀ sì dé ìkángun àtíbàbà. “Oògùn yín gbóná o! Ibi tí ẹ ò tíì fín in ló ti pa kòkòrò, ó sì ti sè wọ́n jinná! Ó ku iyọ̀!”

Ẹ̀rín tí ó bẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Ìpara. Àwọn oníwèé ìròyìn tí wọ́n ti ń sùn jí, wọ́n ń ya fọ́tò. Olúsànyà dúró lórí ẹní rẹ̀, òógùn ń ṣàn lábẹ́ kóòtù, kòkòrò náà ti dé kọ́là rẹ̀, kò sì lè gbọ̀n ọ́n dànù nítorí pọ́ǹpù wà lọ́wọ́ kan, ìka èkejì sì ṣì wà lókè. Nígbà tí ó fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí ẹní. Ẹrẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó jókòó sínú rẹ̀ gbìì.

Kọmíṣánnà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba òkú kòkòrò lọ́wọ́ Ìyá Bánkẹ́, ó wò ó, ó wo àgbàdo Bàbá Fẹ̀hìntọlá, tí kò ku nǹkan kan lára rẹ̀ ju pòròpórò lọ.

“Ìgbà wo ni oògùn yìí dé?”

Ìdíátù jáde síwájú.

“Ọjọ́ kejìlélógún rèé, sà.”

“Níbo ló wà láti ìgbà náà?”

“Nínú ṣítọ́ọ̀, sà. Ẹ̀yin ló ń dúró dè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kan Kọmíṣánnà náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Ó gbójú sílẹ̀ díẹ̀. “Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fẹ́ kí wọ́n dúró,” ló wí. Ìyá Bánkẹ́ kò fún un láyè láti pẹ́ níbẹ̀. Ó di apá aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni mú àbúrò, ó fà á lọ sí oko tirẹ̀. Níbẹ̀ ni gbogbo àwọn àlejò ti rí àgbàdo tí ó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ewé rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìdíátù ṣàlàyé bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àwọn àgbẹ̀ sì gbọ́ ọ yé, nítorí kò sí ẹni tí kò rí ejò bọ́ awọ rí.

Kí Kọmíṣánnà tó wọkọ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣítọ́ọ̀ nínú àpò kóòtù tí ẹrẹ̀ ti kún, ó fi lé Ìdíátù lọ́wọ́. Ó kọjú sí Olúsànyà. “Ìwọ ò ní lọ sí Ṣàgámù mọ́. Irolu ni wàá máa gbé, lábẹ́ obìnrin yìí, títí oko bàbá yìí yóò fi so.”

Báyìí ni ilẹ̀kùn gígùn yẹn ṣe padà di ilẹ̀kùn lásán. Káfíńtà yọ pákó kejì, wọ́n fi ṣe àga. Àwọn ènìyàn Irolu sì fún ọ̀gá àtijọ́ ní oyè tí ó kúrú, tí ó rọrùn láti pè: Asekòkòrò. Kí ọjọ́ ọjà méjì tó kọjá, wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ obì ní Ṣàgámù.

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo ìgbà kejì, Olúsànyà tọ Bàbá Fẹ̀hìntọlá lọ lóko láti lọ tọrọ àforíjì. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ti fi ara rẹ̀ wé ọmọ onínàákúnàá nígbà tí arúgbó náà gbọ́wọ́ sókè.

“Ó ti parí?”

“Ó ku ojú ewé méjì, Bàbá.”

“Ẹ fi òkúta lé e lórí, kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ọkọ́ wà níbẹ̀ yẹn.”

Olúsànyà wo ọkọ́. Ó wo ilẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ bí erùpẹ̀ ṣe tutù tó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó kọ ebè tí ó wọ́ bí ọ̀nà ejò, Bàbá tú u palẹ̀, ó ní kí ó tún un kọ. Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ó jo, ó gbẹ, ó le. Nígbà tí àgbàdo tuntun hù, àwọn kòkòrò tí wọ́n wọlẹ̀ lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀ ti jáde ní afòpiná, wọ́n sì ti yé ẹyin sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ tí Ìdíátù rí àkọ́kọ́ tí ó wẹ́ bí òwú, ọjọ́ náà ni oògùn jáde. Olúsànyà ni ó gbé pọ́ǹpù, ìlà dé ìlà, lórí ewé àti lábẹ́ ewé, nínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka ení dé ẹ̀wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó dá nìkan lọ sóko kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó yí ewé kan padà, ó dúró tì í pẹ́.

Nígbà tí àgbàdo náà gbó, Bàbá Fẹ̀hìntọlá dáná lẹ́bàá oko, ó sun díẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́. Ìdíátù wà níbẹ̀, Ìyá Bánkẹ́ wà níbẹ̀, Mọ́ṣúdù náà gba ibẹ̀ kọjá, ó sì dúró. Bàbá fa àkọ́kọ́ yọ nínú iná, ó gbọn eérú kúrò lára rẹ̀, ó nà án sí Olúsànyà. Ọkùnrin náà gbà á. Ó dìde. Ó na ọrùn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi ní ilẹ̀ Rẹ́mọ—”

“Asekòkòrò,” ni Bàbá wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù.”

Ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́. Ìyá Bánkẹ́ ní ìyẹn ni iṣẹ́ tó dára jù tí òun ti rí ẹnu rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tí ó ti wọṣẹ́ ìjọba.